Refractometer, awò tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi, tí mo rà nítorí iyùn mi, n'Íjẹ̀bú-Òde

Kí ẹ tó bi mí: iyùn náà ṣì wà láàyè. Orí mẹ́rin ló ní nígbà tí mo rà á, mẹ́ta ló kù.

Iyùn tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ n'Íjẹ̀bú kò ju èyí tí àwọn ẹgbẹ́ ń so mọ́rùn l'Ójúde Ọba lọ. Egungun ni ìyẹn, èyí tí kì í bá ṣe rọ́bà nínú wọn. Ẹran tó kọ́ ọ ti kú tipẹ́. Ààyè ni tèmi. Hammer coral ni, ṣónṣó ìka rẹ̀ dà bí òòlù kéékèèké tó ń fì sọ́tùn-ún sósì nínú táńkì oní lítà 200. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka rẹ̀ sínú. Lọ́jọ́ kẹta, egungun funfun ti yọ létí rẹ̀, orí kan sì ti di nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń yọ̀, bí ìkọ́kọrẹ́ tó ti sùn mọ́jú. Òórùn rẹ̀, ẹ má bi mí.

Oògùn ni mo kọ́kọ́ sá lọ rà, oògùn ìwẹ̀ aláyódínì. Mo bu omi táńkì sínú ike, mo kán an sí i títí ó fi pọ́n bíi tíì, mo wá ri iyùn sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyàwó mi bá mi níbẹ̀. "Bàbá Táyé, ṣé òkúta lẹ tún ń wẹ̀ fún?" Mo ní ẹranko ni. Ó wò mí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Oògùn yẹn kò burú, ìjẹrà náà dúró fún ọjọ́ méjì. Mo gé orí tó ti bàjẹ́ dànù kó má baà ran àwọn yòókù. Àmọ́ ìka kankan kò jáde.

Ọ̀gá kan ní Ṣàgámù, tó ti ń sin ẹja omi iyọ̀ ṣáájú mi, ló bi mí lórí fóònù pé kí ni mo fi ń wọn iyọ̀. Mo ní ike alápá yẹn ni, tí apá rẹ̀ máa ń gbéra sókè bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó, 1.025 ló ń sọ, iye tó yẹ omi òkun. Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ike yẹn ń purọ́ fún ẹ. Lọ ra refractometer."

₦38,000 ni mo rà á. Ó dà bí awò awọ̀nàjínjìn kékeré. Ẹ ó kán omi bíi ẹ̀kán méjì sórí gíláàsì iwájú rẹ̀, ẹ ó pa ìdérí rẹ̀ dé, ẹ ó ní sùúrù díẹ̀, ẹ ó wá kọjú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Òkè á rí bí aró, ìsàlẹ̀ á funfun. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni kí ẹ kà. Tèmi pàdé lórí 40. Omi òkun kì í sábà ju nǹkan bíi 35 lọ, ìyẹn gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kìlógíráàmù omi kan. Mo nù ún, mo tún un wò lẹ́ẹ̀mẹta. 40.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Iná kì í dúró, inverter mi kò sì lè gbé ẹ̀rọ amúmitutù, fáànù ni mo fi ń fẹ́ ojú omi. Fáànù pẹ̀lú ọyẹ́! Omi ń gbẹ lójoojúmọ́, iyọ̀ kì í bá a lọ, èmi sì tún ń fi omi oníyọ̀ dí i. Iyọ̀ ti gan mọ́ apá ike yẹn, ó ti wúwo, kò lè gbéra débi tó yẹ.

Bí mo bá já iyọ̀ náà wálẹ̀ lójijì, ìyẹn náà lè pa iyùn. Lítà mẹ́ta ni mo ń bù dànù lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí mo ń fi omi aláìníyọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ RO (èyí tó ń sẹ́ iyọ̀ kúrò nínú omi) ti ilé iṣẹ́ pure water ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti ń bu omi náà; mi ò fọkàn tán bọ́hòlù wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá, òòlù méjì yọjú, kékeré bí orí ìṣáná. Mo pe ìyàwó mi. Ó wò ó pẹ́. "Ó mà ń mì."

Èyí tó bí mi nínú ni pé ìwé inú páálí ní ká fi omi lásán tò ó sí òdo. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wá ra omi ìdíwọ̀n, èyí tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35 gẹ́lẹ́, 36 ló kà á, mo sì ní láti yí ìdè orí rẹ̀ díẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó tà á fi omi yẹn sínú páálí. Lálẹ́ tí kò bá síná, tọ́ọ̀ṣì fóònù kì í jẹ́ kí ojú ìlà náà mọ́ dáadáa.

Bí owó yín kò bá ju ti ọ̀kan lọ, ẹ fi oògùn sílẹ̀, ẹ ra èyí. Ike alápá náà, Táyé ti gbà á, ó ń fi wọn omi gàrí.