Bí mo ṣe ń fi Telegram kọ́ àmì ohùn ní yunifásítì

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wa ṣí padà lẹ́yìn Kòrónà ní ọdún 2021, wọn ò jẹ́ ká kó akẹ́kọ̀ọ́ 300 sínú gbọ̀ngàn kan mọ́. Ìyẹn ló gbé kíláàsì ẹ̀dá-èdè Yorùbá mi dé orí Telegram. Kòrónà ti lọ, èmi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Ohùn tí à ń gbà sílẹ̀ fi ránṣẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Kíkọ àmì ohùn sára pátákó kò tó, àfi kí etí gbọ́ ọ. Nínú gbọ̀ngàn, àwọn mẹ́wàá tó jókòó níwájú nìkan ni mo máa ń gbọ́. Níbí, mo ní kí oníkálukú pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, kó fi ránṣẹ́. Ọmọ kan wà tí kò la ẹnu rí ní kíláàsì, ojú ń tì í nítorí pé ọkọ́ àti ọkọ̀ ò yàtọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Aago mọ́kànlá alẹ́ ló fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi nìkan. Mo gbọ́ ọ, mo pe tèmi padà fún un. Ó tún pè é. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀keje, ọkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ́, mo sì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni ní èdè, ẹ gbìyànjú rẹ̀.

Ẹni tó bá pẹ́ wọlé lè ka gbogbo ẹ̀kọ́ tó ti kọjá, bí ẹ bá ti ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin sì lè fi nọ́ńbà wọn pamọ́, kí wọ́n máa lo orúkọ nìkan. Fáìlì tó tó 2GB ń kọjá.

Ìbéèrè aláṣàyàn tó wà níbẹ̀ dára fún ìdánrawò, torí mo lè kọ àlàyé tí yóò yọ sí ẹni tó bá ṣì í. Ẹ má fi gba máàkì o! Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, inú yàrá kan náà ni wọ́n ti jọ dáhùn, mo sì fagi lé e. Àṣìṣe mi mìíràn ni fídíò ogójì ìṣẹ́jú tí mo ń fi sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló sọ fún mi pé owó oúnjẹ lòun fi ra dátà. Ó dùn mí gan-an. Láti ọjọ́ náà, ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún àti ìwé PDF ni mò ń fi ránṣẹ́.

Ní sáà yìí, mo ní kí wọ́n gba ohùn àwọn ìyá àgbà wọn sílẹ̀ wá. Ti Ìjẹ̀bú, Ìgbómìnà àti Èkìtì ti dé. Àná ni ti Ondó wọlé.