AirPods Pro 2: ìtọ́jú etí ni, àbí àlékún agbára?

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni àjọ FDA, tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ètò orí fóònù tó sọ AirPods Pro 2, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kì bọ etí láti fi gbọ́ orin, di ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ti wúwo díẹ̀ tàbí níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Dọ́là 249 ni wọ́n ń tà á nígbà náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí dókítà ń júwe máa ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ yìn. Ènìyàn yóò jókòó síbi tó dákẹ́, ẹ̀rọ yóò máa dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí, òun náà yóò sì máa fọwọ́ kan ojú fóònù nígbàkígbà tó bá gbọ́ ọ; láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, èsì etí ọ̀tún àti ti òsì yóò jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èsì ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi hàn pé etí wọn ti wúwo, ètò náà sì tún ohùn tí wọ́n ń gbọ́ ṣe bí èsì náà ṣe rí. Wọn kì í sábà ní kí á tún ọ̀rọ̀ sọ mọ́ nídìí oúnjẹ.

Èsì tèmi ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ní ti Apple, ilé-iṣẹ́ tó ṣe AirPods, etí ẹni tí kò bá kọjá decibel 25 (decibel ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe gbọ́dọ̀ le tó kí etí tó gbọ́ ọ) dá ṣáṣá, láti 26 dé 60 ni ètò náà ń tọ́jú, ẹni tó bá ju ìyẹn lọ ní láti wá dókítà. Ṣùgbọ́n láti decibel 20 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń ka etí sí èyí tó wúwo, nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2021. Àárín méjèèjì ni mo bọ́ sí: aláìsàn ni mí lójú àjọ kan, ara mi dá lójú ilé-iṣẹ́ kejì. Ìlẹ̀kùn ìtọ́jú kò ṣí fún mi, àmọ́ ní abala mìíràn nínú fóònù kan náà, mo lè fi kún ohùn, mo sì lè tan Conversation Boost, tí ń mú ohùn ẹni tó kọjú sí mi hàn ketekete láàárín ariwo. Mo lò ó lóde ìgbéyàwó tí àwọn onílù kò ti sinmi, mo sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó tì mí kò gbọ́. Ohun tó jẹ́ ìtọ́jú fún ẹ̀gbọ́n mi ti di àlékún fún mi nìyẹn, nọ́ńbà péré ló sì là wá láàárín. Lójú tèmi, ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ló yẹ kó wà.

Bátìrì rẹ̀ kì í ju nǹkan bí wákàtí mẹ́fà lọ, nítorí náà kò lè gbé ènìyàn láti àárọ̀ di alẹ́ láìgba iná. Àgbà tí mo bá sì ń kí yóò rò pé orin ni mò ń gbọ́ lójú òun, àfojúdi gbáà ni ìyẹn láàárín wa. Ẹni tí kò ní iPhone tàbí iPad kò lè ṣe àyẹ̀wò náà rárá, kí ó fi owó ìyẹn kún dọ́là 249 kí ó tó sọ pé ọjà pọ́ọ́kú ni.