Mìkísà kékeré tí mo fi ń kọrin lóru ní Kétu

Ilé wa kò jìnnà sí Àkábà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, agbo ilé sì ni. Yàrá bàbá mi àgbà ló fara ti tèmi, oorun rẹ̀ kì í sì í jìn. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo tó máa ń ráyè jókòó ti pianó, torí ojú ọ̀nà Pobè ni mo máa ń wà láti àárọ̀. Mo wá ń fẹ́ gbọ́ pianó, ohùn ara mi àti orin tó ń ti inú fóònù jáde pa pọ̀ nínú kásìkì tí mo dé sétí, kí n má da ẹnikẹ́ni láàmú. Ìdí tí mo fi wá mìkísà, ẹ̀rọ tó ń da oríṣiríṣi ohùn pọ̀, nìyẹn. Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ti òde ìyàwó. Ẹni tó bá ń wá ìyẹn, ọ̀rọ̀ mi lè ṣì í lọ́nà.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ojú ni mo fi rà á. Ihò méjìlá ló ní, ó gbòòrò bí àtẹ, iná ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ pupa àti ewé, owó rẹ̀ kò sì tó ti kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní orí mi ló bá mi ṣe é. Mo délé, mo rọra kọrin, n ò gbọ́ ara mi. Mo yí bọ́tìnnì tó ń fún mikró, ohun tí mò ń kọrin sí, lágbára sókè, ohùn mi dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n "ṣàà" kan bá a wá, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù lókèèrè. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó ń kọrin jẹ́jẹ́ lóru nílò ẹ̀rọ tó mọ́ ju ti ẹni tó ń lọgun lóde lọ: ohùn kékeré lẹ fẹ́ gbé ga, ariwo ara ẹ̀rọ náà á sì máa bá a gòkè. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣeré lóde ló rà á lọ́wọ́ mi lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, kò sì tíì ráhùn. Níbi tí wọ́n ti ń jó, ta ni yóò gbọ́ "ṣàà"?

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta gìtá ló là mí lójú. Ó ní, "Àbúrò, ẹnu mélòó lo ní?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan ni."

"Ọwọ́ ńkọ́?"

"Méjì ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kí lo wá fẹ́ fi ihò méjìlá ṣe?"

Mo bá wọkọ̀ lọ sí Kútọnu. Ní ìsọ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé, mo ní "mixeur" ni mò ń wá; ni ìyá náà bá gbé ẹ̀rọ ìlọta síwájú mi, ó tilẹ̀ ti dá iye lé e. "Table de mixage" ni kí ẹ máa wí o.

Yamaha MG06X ni mo gbé bọ̀, 85 000 fáránkì lẹ́yìn tí a ná an dáadáa. Kò wúwo tó kílò kan. Ihò mikró méjì ló ní, àti ojú sítẹ́ríò méjì: pianó gba ọ̀kan, fóònù gba èkejì. Kásìkì ní bọ́tìnnì tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti spíkà. Èyí ni èmi á kọ́kọ́ wò lára mìkísà èyíkéyìí kí n tó ka ihò. Lẹ́tà X tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ ló ń sọ pé ó ní oríṣi mẹ́fà ohun tó ń yí bí ohùn ṣe ń dún padà, bí èyí tó ń mú un dún bíi pé ẹ wà nínú gbọ̀ngàn. MG06 lásán kò ní in. Ìba díẹ̀ ni mo máa ń fi sí i. Bí ó bá pọ̀, ó ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, àṣìṣe náà ni mo sì jókòó tì lóru.

Bọ́tìnnì 48 vólìtì wà níbẹ̀ fún mikró kọndẹ́nsà, torí iná lòun ń jẹ. Shure SM58 ni tèmi, irú èyí tó ti wà lọ́jà láti 1966. Kò bèèrè fún un, n kì í sì í fọwọ́ kàn án. Bí mo bá fẹ́ to mikró náà, mo máa ń rẹ kásìkì sílẹ̀ pátápátá, mo máa kọ ibi tó le jù nínú orin náà, mo máa yí "gain", bọ́tìnnì agbára mikró, sókè títí iná pupa yóò fi ṣẹ́jú, n óò wá dá a padà díẹ̀. Ìgbà yẹn ni n óò tó dé kásìkì.

Ọ̀rọ̀ iná ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ọjà tó ń gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà wọlé, eyín mẹ́ta pẹlẹbẹ ló wà lẹ́nu okùn iná rẹ̀; tiwa níbí, eyín méjì róbótó ni. Ìyẹn kò le, ẹ ra èyí tó so wọ́n pọ̀. Èyí tó le ni kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àdápítọ̀. Bí ó bá jẹ́ 120 vólìtì nìkan ni wọ́n kọ, ti Amẹ́ríkà ni, iná 220 wa yóò sì jó o.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo tan án, mo gbọ́ "hùùùù" nínú kásìkì. Àyà mi já. Mo pàrọ̀ okùn mikró, ó ń dún. Mo yọ pianó, ó ń dún. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì í padà sínú páálí kí ojú mi tó lọ sára fóònù: orí ṣájà ló wà. Mo fa ṣájà yọ, kẹ́kẹ́ pa. Ibi tí iná fóònù ti ń wá àti ibi tí iná mìkísà ti ń wá ló pàdé lórí okùn kan ṣoṣo, òun ló ń kùn. Látìgbà náà, kí ilẹ̀ tó ṣú ni mo ti ń gba iná sí fóònù.

Mìkísà mi kò ní USB, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ gba orin sórí kọ̀ǹpútà, MG10XU ni kó wò, owó rẹ̀ sì ju èyí lọ. Èmi kò nílò ìyẹn. Ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn ni pé bí iná bá lọ láàárín orin tó sì dé padà, gbogbo bọ́tìnnì wà níbi tí mo fi í sí, n ò ní láti tún nǹkan kan tò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo lọ dọ̀bálẹ̀ kí bàbá. Mo bèèrè bóyá wọ́n sùn dáadáa. Wọ́n ní àwọn sùn. Wọ́n wá ní, "Orin tí o ń kùn lálẹ́ àná yẹn, kí ló dé tí o fi ẹsẹ̀ kẹta sílẹ̀?"