Debian ní ṣọ́ọ̀bù Yábàá: ta ló ń tọ́jú ohun tí ẹ ń lò?

Debian, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ti ń ṣe, ni mo ń gbé yẹ̀wò, ìyẹn ẹ̀dà ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní stable, lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ̀wé tí wọ́n sì fi ń ṣe skáànì ní Yábàá. Ìyọnu Wi-Fi àtijọ́ ti dínkù púpọ̀, nítorí láti Debian 12 ni fáìlì tí káàdì Wi-Fi nílò ti ń bá ètò ìfisórí rìn. Ohun tí àwọn oníbàárà máa ń béèrè jùlọ ni pé, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú Debian kò gba kọ́bọ̀, ṣé iṣẹ́ wọn ṣeé fọkàn tán?

Ó ṣeé fọkàn tán dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀kan lára wọn, àwọn tó ti wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ buwọ́ lu kọ́kọ́rọ́ GPG ẹ̀ (kọ́kọ́rọ́ orí kọ̀ǹpútà tó fi hàn pé òun gan-an ni), kó dáhùn ìbéèrè lórí ìlànà, kó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ hàn. Páákéèjì tuntun, ìyẹn prógíráàmù tí wọ́n dì fún Debian, á kọ́kọ́ wọ ẹ̀ka tó ń jẹ́ unstable. Bí ọjọ́ mélòó kan bá kọjá tí àṣìṣe ńlá ò yọjú, á bọ́ sí testing, ibẹ̀ ni á sì wà di ìgbà tí wọ́n bá gbé stable tuntun jáde, bí ọdún méjì síra wọn. Sùúrù yìí ló kó stable yọ lọ́dún 2024, nígbà tí ẹnì kan fi ọ̀nà ẹ̀bùrú tí èèyàn lè gbà wọlé láìgbàṣẹ pamọ́ sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ti xz, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀. Ó wọ unstable àti testing, kò dé stable. Andres Freund, ẹnì kan tó ń kọ prógíráàmù, ló já a, torí ó rí i pé SSH (ohun tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti ọ̀nà jíjìn) ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Àmọ́ ìlànà ò lè dípò ìmọ̀. Lọ́dún 2006, wọ́n yọ ìlà kóòdù kan nínú OpenSSL ti Debian, prógíráàmù tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ààbò, nítorí irinṣẹ́ àyẹ̀wò ń ṣàròyé lé e. Ìlà yẹn gan-an ló ń po kọ́kọ́rọ́ pọ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè méfò ẹ̀. Bó ṣe kúrò, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ṣẹ́ kù fún un láti fi ṣe é: kọ́kọ́rọ́ oríṣi kan ò wá lè ju 32,768 lọ. Oṣù Karùn-ún 2008 ni àṣírí tó tú, gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀dà yẹn ṣe ló sì di èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ oníbàárà lé páákéèjì kan, ẹ tẹ `apt show` àti orúkọ ẹ̀, kí ẹ wo ìlà Maintainer, ìyẹn olùtọ́jú. Bó bá jẹ́ Debian QA Group lẹ rí, ọmọ òrukàn ni, kò lẹ́ni tó ni ín. Páákéèjì tó ń jẹ́ `how-can-i-help` á fi irú wọn tó wà lórí ẹ̀rọ yín hàn yín.

Ti NEPA náà ńkọ́? Ẹ fi `sudo apt update` àti `sudo apt -d full-upgrade` fa gbogbo àwọn ẹ̀dà tuntun sílẹ̀ lóru tí dátà rọjú, kí ẹ wá tẹ `sudo apt full-upgrade` nígbà tí inverter bá wà nídìí ẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín, ẹ má pa fáìlì lock rẹ́, èyí tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ méjì dàpọ̀. `sudo dpkg --configure -a` ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà `sudo apt -f install`.

Ibi tó dùn mí ni ẹjọ́ àṣìṣe tí a bá fi irinṣẹ́ `reportbug` kọ lórí páákéèjì tí ẹnì kan ṣoṣo ń tọ́jú: ó lè pẹ́ gan-an kí èsì tó dé. Èyí tó bá ní nọ́ńbà ẹ̀dà, ohun tí ẹ tẹ̀, àti ọ̀rọ̀ àṣìṣe bó ṣe jáde gẹ́lẹ́ ló máa ń tètè rí ojú rere.