Soul Train bàámi ti jáde nínú kásẹ́ẹ̀tì: iṣẹ́ tí bọ̀ọ̀dá kan ṣe fún mi ní Arákàlẹ̀, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dà á nù. Mo fẹ́ ròyìn ibi tí mo gbé tiwa lọ fún yín, iye tó ná mi, ohun tó dùn mọ́ mi àti ohun tí ò tẹ́ mi lọ́rùn, torí nígbà tí mò ń wá ẹni tó máa bá mi gbé e sínú fláàṣì ní Àkúrẹ́ níbí, gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé àfi kí n lọ Ìbàdàn tàbí Èkó.

Kásẹ́ẹ̀tì márùn-ún ni. Àbúrò bàámi tó ń gbé Chicago nígbà yẹn ló fi ránṣẹ́ ní 1986 àti 1987, orí tẹlifíṣọ̀n wọn lọ́hùn-ún ló ti gbà á sílẹ̀, Soul Train ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún á ti gbọ́ orúkọ yẹn rí, ètò orin àti ijó àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Don Cornelius ló dá a sílẹ̀, òun ló ni ín, òun ló ń ṣe kòkáárí ẹ̀, òun náà ló ń dúró níwájú kámẹ́rà pẹ̀lú ohùn tó jinlẹ̀ bíi pé inú àmù ló ti ń sọ̀rọ̀. Tíṣà ni bàámi, Oǹdó ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ká tó kó wá sí Àkúrẹ́, kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ Don, ojú ẹ̀ á là.

Ohun tó dùn mí ni pé bàámi ò rí àwòrán yẹn wò dáadáa rí. Kásẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà ò bá fídíò tiwa mu. Ọ̀nà tí tẹlifíṣọ̀n ń gbà gbé àwòrán jáde ò dọ́gba, NTSC ni wọ́n ń pe tiwọn, PAL ni tiwa, ìlà 525 ló ń to àwòrán tiwọn jọ, tiwa jẹ́ 625, iye àwòrán tó ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà ò dọ́gba, ọgbọ̀n ni tiwọn, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni tiwa. Tí wọ́n bá ti fi í sínú fídíò wa, àwòrán á kàn máa yí lọ sókè ni, dúdú àti funfun, kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀. Bàámi á jókòó síwájú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, á ní ká dákẹ́ kóun gbọ́ ohun tí Don ń sọ. Ó kú ní 2009. Kásẹ́ẹ̀tì wà nínú páálí látìgbà yẹn.

Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló júwe ṣọ́ọ̀bù náà fún mi. Tẹ́ ẹ bá gbé kẹ̀kẹ́ láti Ọjà Ọba, ẹ ní kó já yín sí Arákàlẹ̀, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà, lórí àwọn tó ń tún fáànù ṣe, kò sí pátákó kankan níta, ẹ ṣáà béèrè ẹni tó ń ṣe fídíò. Bọ̀ọ̀dá náà lè má ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ lọ. Mo rò pé á kàn gba owó á sì sọ pé kí n máa bọ̀, àmọ́ ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ṣí ìdérí kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ó gbé e sún mọ́ imú ẹ̀, ó gbọ́ òórùn ẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, mẹ́rin á ṣeé ṣe. Ẹyọ kan yìí ti bu gan-an, mi ò fẹ́ parọ́ fún yín." Ó wá fi hàn mí, nǹkan funfun ti yí etí téèpù náà ká bí ìgbà tí búrẹ́dì bá bu. Ó ní òun ò ní fi èyí tó bu sínú ẹ̀rọ òun láìfọ̀ ọ́, torí èébu yẹn á lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, á sì ba ti àwọn oníbàárà míì jẹ́. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀.

₦6,500 ni kásẹ́ẹ̀tì kan, fláàṣì tèmi ni mo gbé wá. Mo san gbogbo ₦32,500 lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹ̀rọ kan tó ń gba ti Amẹ́ríkà àti tiwa papọ̀, ohun tó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì tó bá jẹ́ wákàtí méjì, wákàtí méjì gééré ló máa fi wọ inú kọ̀ǹpútà, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ jókòó tì í.

Mo jókòó tì í lọ́jọ́ tó ṣe àkọ́kọ́. Ooru mú, àga ẹyọ kan ló wà, mo wá gbé fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ọkùnrin tí bàámi fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀, torí ká sọ òótọ́, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ ju ohùn ẹ̀ lọ. Chicago ni wọ́n ti bí i, September 27, 1936. Ó ṣe ṣọ́jà Marine, ó lọ sí Korea, nígbà tó dé ó ń ta ìnṣọ́ráǹsì. Ní 1966, ó ti níyàwó, ó ti bí ọmọkùnrin méjì, $400 péré ló wà ní báǹkì ẹ̀, ó wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ rédíò fún oṣù mẹ́ta. Ẹ wo ẹni tó láyà! Ó wọ ilé iṣẹ́ rédíò WVON, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí tẹlifíṣọ̀n WCIU, níbẹ̀ ni Soul Train ti bẹ̀rẹ̀ ní August 17, 1970, Chicago nìkan ló kọ́kọ́ ń wò ó.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀ rèé. Nígbà tó fẹ́ gbé e dé àwọn ìlú míì, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ò gbà á, ìlú díẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀ ní October 1971. Ẹni tó dúró tì í ni George Johnson, aláwọ̀ dúdú tó ń ṣòwò ní Chicago, tó ń ṣe Afro Sheen, ìpara irun. Owó ìpolówó ìpara irun ni wọ́n fi gbé ètò yẹn káàkiri Amẹ́ríkà! Nígbà tí Dick Clark, aláwọ̀ funfun tí ètò ijó tiẹ̀ ti lókìkí tipẹ́, gbé irú ẹ̀ jáde ní 1973 láti fi bá a díje, àwọn aláwọ̀ dúdú tó lẹ́nu láwùjọ dìde, Jesse Jackson wà nínú wọn, ètò Dick Clark yẹn ò sì pẹ́ tó fi kógbá wọlé. Don di tiẹ̀ mú. Òun fúnra ẹ̀ ló ń dúró níwájú kámẹ́rà títí di 1993, ètò náà sì ń lọ títí di 2006, kò tà á títí di 2008. Èèyàn tó ń ṣe nǹkan tó sì jẹ́ pé òun ló ni nǹkan yẹn, bàámi ò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré rárá nígbà ayé ẹ̀, mo wá ń ronú pé bóyá ohun tó rí lára Don nìyẹn.

Ibi tí mo kà á dé nìyẹn nígbà tí bọ̀ọ̀dá náà ní kí n wá wo nǹkan. Ó ti gbé àwòrán jáde. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n yà ní kàtúùnù ń sáré bọ̀, pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, mi ò mọ̀ láyé mi pé ọkọ̀ ojú irin yẹn láwọ̀. Mo ní kó dá a dúró. Mo pe Mọ́mì mi sórí fóònù pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbé wọn wá, wọ́n dé láàárín ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n fọwọ́ di irin mú gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n.

Don jáde. Mọ́mì tẹ̀ síwájú títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní, "Haa! Búlúù ni kóòtù ẹ̀! Bàbá Dúpẹ́ ò mọ̀ pé búlúù ni!" Bọ̀ọ̀dá náà rọra dìde, ó gbé àga ẹ̀ fún wọn, ó sì jáde sí ẹnu ọ̀nà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fún ìyẹn gan-an, kò sí nínú owó tí mo san.

A wo àwọn tó ń jó, ìlà méjì, wọ́n kọjú sí ara wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, méjì méjì ń jó gba àárín kọjá, olúkúlùkù pẹ̀lú àrà tiẹ̀. Ibẹ̀ ni Jeffrey Daniel ti gbòde kí òun àti Jody Watley tó wà nínú ẹgbẹ́ olórin Shalamar, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo Nigerian Idol nígbà tó bẹ̀rẹ̀ á rántí pé ó wà lára àwọn adájọ́. A tún rí pátákó tí wọ́n máa ń tú lẹ́tà sí, oníjó méjì á to orúkọ aláwọ̀ dúdú pàtàkì kan jọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Don fúnra ẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé àwọn máa ń ṣètò ẹ̀ kí gbogbo wọn lè yege, kò fẹ́ kí ojú ti ọmọ aláwọ̀ dúdú kankan lórí tẹlifíṣọ̀n òun. Mo sọ ọ́ fún Mọ́mì, wọ́n ní bí bàámi ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ tí kò mọ̀wé nìyẹn, á ti kọ́ wọn ní ìdáhùn sílẹ̀ kí inspẹ́kítọ̀ tó dé.

Ọkùnrin tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ní 1982 wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún un fún wákàtí mọ́kànlélógún. Ara ò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn fún un mọ́ lọ́jọ́ alẹ́, ní February 1, 2012 ó gba ẹ̀mí ara ẹ̀ nílé ẹ̀ ní Los Angeles, ẹni ọdún 75 ni. Mi ò sọ ìyẹn fún Mọ́mì lọ́jọ́ náà.

Ó wá ku ibi tí ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ kan ló dá fún mi, ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ló gbà. Mo mọ̀ pé iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ sì bàjẹ́ láàárín kan, àmọ́ kì í gbé fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ láìbá a, ó yẹ kó máa tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ séèyàn. Kò kọ orúkọ sí fáìlì kankan nínú fláàṣì, nọ́ḿbà lásán ló wà níbẹ̀, àfi ká máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan ká tó mọ èwo ni èwo. Agbalagbà tí orúnkún ń dùn ò sì lè máa gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ láàárọ̀ kùtù kí ibẹ̀ tó gbóná, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó kọ ọjọ́ tó dá sórí ìwé fún yín.

Iṣẹ́ mẹ́rin tó ṣe mọ́ kedere. Ohùn ò bẹ́, àwòrán ò yí, ó fi ìpolówó inú ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́, torí Mọ́mì ń wo irun jẹ́rì kọ́ọ̀lù àwọn obìnrin inú ẹ̀ ju orin lọ.

Ìkarùn-ún tó bu ni àbúrò bàámi fi báírò kọ "Awards 87" sí lẹ́yìn, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àmì-ẹ̀yẹ Soul Train. Bọ̀ọ̀dá náà fi ọwọ́ yí i, ó fi òwú àti spírìtì nù ún fún ọjọ́ méjì, ó já sí méjì lọ́wọ́ ẹ̀. Ó kà ₦6,500 lé mi lọ́wọ́ kí n tó béèrè. Ó ti fi ike dì í, ó ní kí n gbé e padà wá nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ, òun á tún gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù Mọ́mì báyìí, a ń retí ọyẹ́.