Ọjọ́ kan ní Sài Gòn lẹ́yìn amọ̀nà: owó mi kò ṣègbé, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi wọ́n

Kajú ló gbé mi dé Vietnam, kì í ṣe fàájì. Ọ̀pọ̀ nínú kajú tí à ń rà jọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn abúlé tó yí i ká, Vietnam ló ń gba orí omi lọ pẹ̀lú èèpo lára. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń bó o, kí wọ́n tó tún un tà fún gbogbo ayé. Ní oṣù kẹwàá 2025, mo lọ rí àwọn oníbàárà wa lójúkojú. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà nínú ilé iṣẹ́ tí ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí èmi fúnra mi ń sọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ajé parí, ó ku ọjọ́ méjì kí bàálù mi tó gbéra. Mo rò ó pé bí mo bá délé, àwọn ọmọ á bi mí bí ìlú náà ṣe rí, màá sì máa ròyìn àpò kajú fún wọn. Ìyẹn kò dáa.

Àwọn tó ń mú àlejò yí ìlú ká pọ̀ lọ súà níbẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì tí mo dé sí ló bá mi gba tèmi: 1,150,000 dong. Ẹ má jẹ́ kí òòkà yẹn já yín láyà, kò ju nǹkan bíi dọ́là 44 lọ. Bọ́ọ̀sì, amọ̀nà, owó ìwọlé gbogbo ibi tí a yà sí, oúnjẹ ọ̀sán àti omi ni wọ́n kà mọ́ ọn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n wá gbé mi, a di mọ́kànlá nínú bọ́ọ̀sì elérò 16. Èmi nìkan ni adúláwọ̀.

Kí a tó kúrò lójú kan, amọ̀nà wa, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ní kí kálukú sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ojú obìnrin Australia tó jókòó níwájú mi yí padà. Ọmọ náà yára ṣàlàyé: lédè wọn, o ò lè la ẹnu bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láìmọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò. Anh ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, chị ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, em ni àbúrò, ẹgbẹ́ bàbá ẹni sì tún ní orúkọ tiwọn. Kódà kò sí “èmi” kan pàtó. Bó bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, em ló máa ń pe ara rẹ̀. Àwọn yòókù ń yà á bí ìyanu. Èmi ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Mo ní fún un pé nílé tiwa, ẹni tó bá sọ “ìwọ” sí àgbà ti ra ìjà lówó gọbọi. Ó ní kí wá ni kí òun máa pè mí? Mo ní ẹ̀gbọ́n.

Ó mú fóònù rẹ̀ kó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo nǹkan: ẹ àti ọ wà lórí fóònù rẹ̀! Lẹ́tà wa gan-an, àmì abẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó fi àmì ohùn sórí wọn, fóònù kọ̀, òun náà kọ̀. Ohùn ni àmì abẹ́ yẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ohùn tó ń wálẹ̀ wúwo tó sì ń há sọ́nà ọ̀fun. Ó ní báwo ni lẹ́tà kan ṣe máa ní ohùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà? Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn láìní àmì lórí, bó sì ṣe kọ ọ́ ló ń pè é, bíi pé ẹnì kan ń fún un lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Títí alẹ́ ni mò ń gbọ́ “Ẹgbọn, ẹ máa bọ̀.” Bí mo bá ní kí n dá owó mi sí méjì, ìdajì ti wọlé kí bọ́ọ̀sì tó kúrò ní ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì.

Nínú ìwé, Ho Chi Minh City ni ìlú yìí ń jẹ́ láti 1976. Lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀, Sài Gòn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn àdúgbò ńlá tí wọ́n ń pè ní quận: ìjọba fagi lé wọn ní oṣù keje 2025 nígbà tí wọ́n da ìlú náà pọ̀ mọ́ ìpínlẹ̀ méjì tó múlé tì í, síbẹ̀ Quận 1 ni dẹ́rẹ́bà ń pariwo, Quận 1 ló sì wà lórí káàdì òtẹ́ẹ̀lì.

Ààfin Dinh Độc Lập la kọ́kọ́ dé. Ní oṣù kejì 1962, méjì nínú àwọn awakọ̀ òfuurufú Ngô Đình Diệm, ààrẹ Gúúsù Vietnam nígbà náà, fúnra rẹ̀ ló ju bọ́ǹbù sí ààfin àtijọ́ tí àwọn Faransé kọ́. Diệm ní kí wọ́n wó èyí tó kù, kí Ngô Viết Thụ ya ilé tuntun. Nígbà tí ilé náà fi máa parí ní 1966, wọ́n ti pa Diệm láti 1963. Ẹni tó ní kí wọ́n kọ́ ọ kò sun inú rẹ̀ mọ́jú rí. Lórí òrùlé, hẹlikópítà kan wà níbẹ̀, òbírípo pupa méjì sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí rẹ̀. Ibẹ̀ ni bọ́ǹbù bọ́ sí ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 1975, Nguyễn Thành Trung, tó ń fò fún ìjọba yẹn kan náà, ló sì jù ú. Ọjọ́ méjìlélógún lẹ́yìn ìyẹn ni táǹkì ogun àwọn ará Àríwá Vietnam, tó ń bá Gúúsù jagun, já géètì wọlé. Táǹkì méjì wà lórí koríko ní ẹ̀gbẹ́ géètì, gbogbo ènìyàn sì ń ya fọ́tò nídìí wọn. Amọ̀nà wa kò purọ́ fún wa: ó ní irú wọn nìyí, àwọn tó já géètì gan-an wà ní Hanoi.

Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Yàrá kéékèèké, ògiri tó nípọn, máàpù ogun lára ògiri, rédíò àti fóònù àtijọ́ lórí tábìlì bíi pé ẹni tó ń lò wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ mu omi ni.

Láti ibẹ̀ a fẹsẹ̀ rìn lọ sí pósófíìsì ńlá, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọdá títì. Alùpùpù ń ya wá láti ọ̀tún, láti òsì, láti ibi tí wọn kò ní kí wọ́n gbà, bí èèrà tí wọ́n tú ilé wọn. Tiwa ni pé kéèyàn wò, kó sì fò fẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà di ọwọ́ aṣọ mi mú: “Ẹgbọn, ẹ rọra. Ẹ má sáré, ẹ má dúró, ẹ má padà sẹ́yìn.” Ohun tó fà á ni pé àwọn tó ń bọ̀ ti fi ojú wọn ibi tí ẹsẹ̀ yín máa dé, wọ́n sì ti yà fún un. Ẹni tó bá sáré ti ba ìṣirò wọn jẹ́. Mo di ojú mi díẹ̀, mo ń lọ ṣẹ́ṣẹ́, alùpùpù sì ń pín sí méjì lára mi bí odò tó kan àpáta. Ẹni tó bá fò níbẹ̀ bí a ṣe ń fò ní Òṣòdì, ilé ìwòsàn ló máa bá ara rẹ̀.

Kátídírà Notre-Dame, tí wọ́n kọ́ láàárín 1877 sí 1880 pẹ̀lú bíríkì tí wọ́n kó wá láti Marseille, irin ni wọ́n fi yí i ká. Àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017 kò tíì parí. Ẹ má torí rẹ̀ lọ. Pósófíìsì tó dojú kọ ọ́ ni kí ẹ lọ wò. 1886 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó parí ní 1891, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló máa sọ fún yín pé Eiffel tó kọ́ ilé gogoro Paris ló ya á. Amọ̀nà wa ní irọ́ ni, Alfred Foulhoux ló ya á. Lára ògiri apá méjèèjì, wọ́n kun máàpù ńlá méjì. Ọ̀kan fi wáyà tẹligíráàmù tó lọ títí dé Cambodia hàn. Amọ̀nà wa sì fi ìjókòó kan hàn wá ní ìdí tábìlì gígùn kan. Ibẹ̀ ni Bàbá Dương Văn Ngộ máa ń jókòó sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń bá àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà tó sì ń túmọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Bàbá náà ti kú báyìí. Mo rántí àwọn akọ̀wé tí ìyá mi máa ń mú lẹ́tà lọ bá nígbà tí mo wà ní kékeré.

Ní ọ̀gangan ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ fi ẹnu mi pàdánù owó. Obìnrin kan ń fún ìrèké sínú ife, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan mọ́ ọn, ó kó yìnyín sí i. Mo nawọ́ 20,000 sí i, mo sì yíjú. Mo gbọ́ bó ṣe ń sáré tẹ̀ lé mi. 500,000 ni mo fún un! Búlúù ni owó méjèèjì, bí oòrùn bá mú, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n. Ó dá a padà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún fi ìka gbá mi lọ́wọ́ bí ọmọdé. Ẹ ya 500,000 yín sọ́tọ̀ sí àpò mìíràn.

Kọfí wọn yẹ lọ́tọ̀. Agolo pẹlẹbẹ tí wọ́n lu nídìí ni wọ́n gbé lé orí ife, kọfí sì ń kán tó, tó, tó, sórí mílíìkì alágolo tó ki pọ́pọ́ nísàlẹ̀. Ẹni tó ń kánjú kò lè mu ún. Nígbà tó kán tán, a rò ó pọ̀, a dà á sórí yìnyín. Ó le, ó sì dùn. Àyà mi ń lù kìkì títí di ọ̀sán.

Oúnjẹ ọ̀sán ni cơm tấm, ìrẹsì tí ọlọ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Nígbà kan oúnjẹ tálákà ni, torí odidi ni wọ́n ń tà. Ní báyìí olówó ń tò fún un. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun ló wà lórí rẹ̀, nítorí náà kí Mùsùlùmí tètè sọ fún wọn láàárọ̀. Omi ẹja tí wọ́n ń dà sí i, nước mắm, ń rùn bí irú, ó sì ń ṣe iṣẹ́ irú. Àwọn Korea méjì tó wà pẹ̀lú wa ní kò burú. Èmi bu lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yíwọ́ nìyí. Nínú ìwé tí wọ́n fún wa, wọ́n kọ ọ́ pé a máa “yà wo àwọn oníṣẹ́ ọwọ́”. A dé ibẹ̀, òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló ń lẹ èèpo ẹyin fífọ́ mọ́ pákó tí wọ́n fi oje igi kùn. Ó wuyì, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Ìṣẹ́jú márùnlélógójì tó kù, inú ṣọ́ọ̀bù ni, ọmọ-ọjà kọ̀ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà àbájáde sì gba ẹ̀gbẹ́ káńtà owó. Mo bi amọ̀nà wa pé ṣé dandan ni. Ó wo ilẹ̀, ó ní ọ́fíìsì ló ní kí wọ́n máa yà níbẹ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Mo bínú, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni: ìṣẹ́jú márùnlélógójì péré ló kù fún wa ní ilé ìrántí ogun.

Ilé yẹn, tí wọ́n ṣí ní 1975 gan-an, kì í ṣe ibi ìṣẹ́jú márùnlélógójì. Ẹ máa fẹ́ dúró níta lọ́dọ̀ àwọn bàálù ogun. Ẹ má dúró, ẹ gòkè tààrà. Àwòrán tí àwọn oníròyìn tó kú sínú ogun náà yà wà níbẹ̀. Yàrá oògùn apa-ewé tí Amẹ́ríkà ń fi bàálù fọ́n sórí igbó láti 1961 sí 1971 wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti àwòrán àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Ariwo àwùjọ wa dákẹ́ lójijì. Bàbá mi jagun Biafra ní 1968, ọdún kan náà tí iná ogun ń jó ní Sài Gòn, kò sì fi ẹnu kàn án fún wa títí tó fi kú. Mo sọ èyí fún ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn. Ó ní bàbá tó bí bàbá òun jà, bàbá tó bí ìyá òun jà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni apá tí wọ́n jà fún. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní àwọn tó kù ń dúró.

Òjò dé kí a tó dé Chợ Lớn, àdúgbò àwọn Ṣáínà. Wọ́n pín aṣọ òjò ọ̀rá fún wa, wọ́n sì yin ara wọn jù fún un. Tẹ́ńpìlì Thiên Hậu, ìyá tó ń ṣọ́ àwọn atukọ̀ lójú òkun, la wọ̀. Àwọn Ṣáínà tó kọjá òkun wá ló gbé e wá, bí àwọn tiwa ṣe gbé Yemọja dé Bahia. Tùràrí tí wọ́n ká bí okùn ń rọ̀ láti òkè, ìwé pupa tí wọ́n kọ ẹ̀bẹ̀ sí sì wà lára rẹ̀. Eérú bọ́ sí mi léjìká, mi ò gbọ̀n ọ́n.

Bí mo bá ní kí n fún wọn ní máàkì, amọ̀nà gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, ètò ọ́fíìsì gba mẹ́fà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé: ṣọ́ọ̀bù mélòó la máa yà sí, ìṣẹ́jú mélòó sì ni? Bí wọ́n bá ń fi èsì pa mọ́, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ má sì gba èyí tó da ihò abẹ́ ilẹ̀ Củ Chi, tí àwọn jagunjagun ń lò nígbà ogun, pọ̀ mọ́ ìlú lọ́jọ́ kan. Òde ìlú ló wà, ojú ọ̀nà lẹ máa lo ọjọ́ yín sí. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn nípa ṣọ́ọ̀bù yẹn. Wọ́n ní wọ́n dúpẹ́. Ọmọ náà, mo fún un ní 200,000 lọ́wọ́ láìjẹ́ kí dẹ́rẹ́bà rí i, lẹ́yìn náà mo fún dẹ́rẹ́bà náà ní tiẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo dá sọdá títì, mo padà sí pósófíìsì. Mo ra káàdì kan tó ní àwòrán ilé náà, mo kọ ọ́ lédè Yorùbá, mo lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo délé, káàdì kò dé. Ọ̀sẹ̀ keje ló wọlé, etí rẹ̀ kan ti ká. Ìyá mi gbé e fún mi, ó ní kí n kà á fún òun.