Owó Èlé àbí Àjọ, Nígbà tí Ọdún bá Ká Wa Mọ́
Ní Kétu wa níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọdún a dé, àpò a gbẹ. Ẹni tó yá 20,000 sẹ́fà ní èlé ìdá 10 nínú 100 lóṣù yóò san 2,000 lóṣooṣù. Tó bá di oṣù kẹta, 6,000 ti lọ, ojú owó ò sì tíì dín. Aṣọ ọmọ á ti ṣá, gbèsè á ṣì wà.

Àjọ ni mo fara mọ́. Kò ní èlé: ènìyàn 10 dá 2,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan kó 20,000. Ó lè má tíì kàn yín. Ẹ bẹ ẹni tó kàn kí ẹ ṣaájú rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, gààrí àti oògùn ọmọ ni mo fi tèmi rà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń retí aṣọ ọdún lọ́wọ́ mi, mo lọ kúnlẹ̀ ṣàlàyé fún un.